Apá Kẹrin

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́,
a jókòó ti àwọ̀n tó ya, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́,
ẹnu wa ń ran nǹkan mìíràn.

Fíìmù alápá méje ni. Orúkọ ara páálí rẹ̀
le ju eegun ẹja lọ, a ti sọ ọ́ lórúkọ tiwa:
Ọkọ̀ Tí Kì Í Kan Omi.
Sáká, bàbá Tàìbátù, ló kọ́kọ́ fi hàn wá,
náírà mẹ́wàá lórí bẹ́ǹṣì,
ọ̀fẹ́ lójú fèrèsé, bí ọrùn rẹ bá gùn.

Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ ti ń bu òkèlè nínú àwo kan látọjọ́ pípẹ́;
àwa la ṣì pín sí méjì.

Ọ̀nàfowókàn ní Apá Kejì ni, kò sí àríyànjiyàn.
Ó ní níbo la ti rí ọkọ̀ tó ń sá gba àárín òkúta tó ń fò
bí ẹni ń sáré gba ọjà Olúwo kọjá,
tí kò da igbá ẹnikẹ́ni nù?

Jìnádù, alátùn-ún-ṣe ẹ́ńjìnnì, pòṣé.
Ó ní láti Apá Kìíní títí dé Ìkeje
òun ò tíì rí wọn kí wọ́n ra epo.
“Lítà kan péré! Ẹ fi hàn mí!
Pulọ́ọ̀gì wọn ò dọ̀tí rí. Ta ni mẹkáníìkì wọn?”
A rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún Mùdáṣírù ní àtàǹpàkò.

Mùdáṣírù, tíṣà sáyẹ́ǹsì,
ní níbi tí afẹ́fẹ́ ò sí, ohùn ò sí.
Kí ló wá ń bú gbàù lókè lọ́hùn-ún?
“Àyà mi ni, tíṣà,” ni Ọ̀nàfowókàn wí.

Ti Apá Kẹfà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà.
Kápútẹ́nì tí mo tìtorí rẹ̀ kọ oúnjẹ alẹ́
lọ́mọ ọdún mọ́kànlá,
ó kàn yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín.
Mo ní ìrẹ́jẹ ni. Ẹkún tí mo sun, ta ni yóò dá a padà?
Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kó kú ni?
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní rárá. Mo ní ẹ jẹ́ n ronú.

Ìgbà náà ni Tàìbátù, tó ń yí ẹja lójú iná,
la ẹnu rẹ̀: “Apá Kẹrin.”

Háà! Apá Kẹrin tí gbogbo ayé ń bú!
Ẹ́ńjìnnì kú, kò sógun, kò síbọn,
èèyàn mẹ́ta nínú òkùnkùn fún wákàtí kan àbọ̀,
wọ́n ń pín bisikíìtì, wọ́n ń ka ìràwọ̀.
Ọmọ Agolo pàápàá, ẹ̀rọ tó ń pa wá lẹ́rìn-ín,
oorun ló ń sùn.

“Ẹ ò rántí ọdún tí ẹ́ńjìnnì bàbá mi kú lọ́nà Èjìnrìn?
Òru mẹ́ta. Ìyá mi ò sunkún.
Gíláàsì àtùpà ló ń nù, ó ń nù ún, ó ń nù ún.
Nígbà tí wọ́n fà á dé, a bi í pé kí ló rí.
Ó ní, kò sí nǹkan kan.
Látìgbà náà, bó bá ti ṣọ́ọ̀bù tán,
Apá Kẹrin ló máa ń wò, òun nìkan.
Ogun lẹ̀yin ń wá.”

A dákẹ́. Jìnádù gbàgbé epo.
Iná ìlú lọ, kò sẹ́ni tó kígbe.
Ìràwọ̀ kún òkè, ó kún ojú ọ̀sà,
tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ Ọ̀nàfowókàn, nígbà tó tì í wọlé,
mi ò mọ ohun tó ń léfòó lé lórí.

Jìnádù bá a fa okùn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbà.
“Epo ńkọ́?” ni mo bi í.
“Ó kún!”

Ó ti jìnnà kí ohùn tó padà wá lórí omi,
olórí kunkun:
“Apá Kejì náà ni o!”
Tàìbátù yí ẹja kan padà.
Kò dá a lóhùn.